Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lára àgbàlagbà: èwo ló ń fà á lóòótọ́, èwo ni a kàn ń bẹ̀rù lásán?

Akọ̀wéẸgbẹ́_Adó kọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Èkìtì kete. Ẹgbẹ́ mẹ́káníìkì, àwọn tó ń kun mọ́tò, aránbàtà àti àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù fẹ́ ṣe ìpàdé lórí ìlera lẹ́nu iṣẹ́, ní Adó níbí. Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n kọ wá ni ti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní lukimíà. Àwọn kan ní epo ni, àwọn kan ní òpó fóònù ni, àwọn mìíràn ní omi kànga, kẹ́míkà oko kòkó, títí dórí àpáta Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹ bá mi tò ó. Ti àgbàlagbà nìkan ni mo ń béèrè, torí ti ọmọdé yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye, ẹ sọ ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́la. Èyí tí kì í ṣe òótọ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Dókítà_Mùdùnmúdùn kọ:
Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀: èyí tó pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri, èyí tó funfun tó ń bá àrùn jà, àti plátílẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Lukimíà ni kí sẹ́ẹ̀lì kan nínú àwọn tó yẹ kó di ẹ̀jẹ̀ funfun yà kúrò lójú ọ̀nà, kó máa bí irú ara rẹ̀ ṣáá, títí yóò fi gba àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbẹ lára aláìsàn, tí ibà fi ń ṣe é lemọ́lemọ́, tí èrìgì rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Mẹ́rin ló wọ́pọ̀: AML, ALL, CML àti CLL. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A máa ń yára, wọ́n lè dá èèyàn wó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C ń rìn jẹ́jẹ́, nígbà mìíràn fún ọdún púpọ̀. Mo sọ èyí nítorí pé ohun tó ń fa ọ̀kan kò fi dandan fa èkejì. Epo àti sìgá sún mọ́ AML jù lọ. Ìtànṣán bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945 mú kí AML, ALL àti CML pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n CLL kò hàn nínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. CML ní tirẹ̀, yàtọ̀ sí ìtànṣán, a ò tíì rí ohun ìta mìíràn tó dájú pé ó ń fà á.

Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ èyí ní ìpàdé ketekete: ọ̀pọ̀ aláìsàn lukimíà ni a kì í rí ìdí kankan fún. Ọjọ́ orí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń dá kún un, kò sì sẹ́ni tó lè yí ìyẹn padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ bá ìdílé kan kó máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe, tàbí ta ló ṣe é fún wọn.

Ayẹ̀jẹ̀wò_Ìdó kọ:
Dókítà ti là á. Ẹ jẹ́ kí n mú ti epo, torí òun ló kan àwọn tó ń ṣèpàdé jù.

Benzene ni orúkọ ohun tó wà nínú epo bẹntiróòlù tó kan ọ̀rọ̀ yìí. IARC, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fi í sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Imú ló ń gbà wọlé jù, àwọ̀ ara náà sì ń gbà á díẹ̀. Tó bá dé inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀ kó lè bá ìtọ̀ jáde, àmọ́ àwọn nǹkan tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà ìtúpalẹ̀ yìí ló burú ju òun gan-an lọ. Ẹ̀jẹ̀ á gbé wọn dé mùdùnmúdùn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dínkù ló sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Jẹjẹrẹ lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ẹ wo iye. Nílẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2000, benzene kò gbọdọ̀ ju 1% lọ nínú epo mọ́tò. Ká tiẹ̀ gbà pé ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà nìyẹn: 250 ml benzene ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́rin lítà kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin láti 1987 ni pé afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní ju 1 ppm lọ ní ìpíndọ́gba wákàtí 8, tàbí 5 ppm láàárín ìṣẹ́jú 15. Ppm kan ni ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ má fi imú ṣe òdiwọ̀n rárá: nígbà tí òórùn benzene bá máa dé imú, ó ti lè kọjá iye yẹn, imú tó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀ kì í gbóòórùn mọ́.

Ọ̀gá_Wọkíṣọ́ọ̀bù kọ:
Ẹ ṣeun sà. Èmi á mú un dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Fífi bẹntiróòlù fọ páàtì ni kó kọ́kọ́ dúró. Dísù ń fọ gíríìsì dáadáa, benzene inú rẹ̀ kéré gan-an sí ti bẹntiróòlù, kì í sì í yára fò sínú afẹ́fẹ́. Ọṣẹ ìfọgíríìsì tí wọ́n ń pò mọ́ omi tún dára jùyẹn lọ. Ẹ dà á sínú báàfù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ìdìmú gígùn fọ ọ́, níta gbangba. Ẹ má ṣe é nínú kòtò tí wọ́n ń dúró sí tún mọ́tò ṣe. Oruku epo, ìyẹn epo tó ti fò di afẹ́fẹ́, wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ilẹ̀ ló ń fà sí, á sì jókòó sínú kòtò náà bí omi. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń fà á símú, iná kékeré kan sì tó láti gbà á. Kẹrosíìnì náà sàn ju bẹntiróòlù lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan ń lú u mọ́ bẹntiróòlù, ìyẹn ló sì ń bú gbàmù mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Dísù ni kẹ́ ẹ fọwọ́ mú.

Ọwọ́ ńkọ́? Ṣíbí òróró kékeré kan sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ra ọwọ́ títí gíríìsì á fi tú, ẹ bu ìyẹ̀fun igi láti ọ̀dọ̀ àwọn kápẹ́ńtà lé e, ẹ fi gbo ó, kẹ́ ẹ tó wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀. Bẹntiróòlù máa ń bó ọ̀rá ara, tí ọ̀rá bá sì ti bó, ohun tó kàn á túbọ̀ rọrùn láti wọlé.

Fífi ẹnu fa epo jáde nínú táńkì, ẹ jẹ́ ká dẹ́kun ẹ̀ pátápátá. Epo tó bá yà sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan, ká tó tiẹ̀ sọ jẹjẹrẹ. Rọ́bà tó ní bọ́ọ̀lù fífún láàárín wà lọ́jà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tún ń fi ẹnu fẹ́ ojú kábúrétọ̀. Pọ́ǹpù táyà ń ṣe é, ó sì ń ṣe é dáadáa ju ẹnu lọ.

Aṣọ tí epo bá dà sí, ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ gbẹ sára. Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ nínú báàfù kan.

ÌyáOlónjẹ_Ìjígbò kọ:
Ọ̀gá, ẹ ṣé o. Ti jẹnẹrétọ̀ ilé ńkọ́? Iyàrá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí nítorí olè.

Ọ̀gá_Wọkíṣọ́ọ̀bù kọ:
Ìyá wa, ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì. Ooru ọ̀sán ń mú kí epo inú kẹ́ẹ̀gì fẹ̀, oruku rẹ̀ á máa gba ẹnu ìdérí jáde, àwọn tó sùn nínú iyàrá á fà á símú di òwúrọ̀. Ẹ ṣe àpótí onírin kékeré síta, tó ní ihò lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kó wà níbi tí oòrùn kò ti ń pa á. Ẹ má ṣe kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ẹ fi bí ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ lókè fún fífẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀, ẹ pa á kó tutù ná, ẹ lo fọ́nẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ sì dúró kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn yín fẹ́ wá.

Akunmọ́tò_Baṣírì kọ:
Ìbòmú tí a ń lò láyé Kòrónà wà lọ́wọ́ wa títí di ìsinsìnyí. Òun náà la fi ń fíìn mọ́tò.

Ayẹ̀jẹ̀wò_Ìdó kọ:
Àbúrò, eruku nìyẹn lè dín kù díẹ̀. Oruku tínà àti epo ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ nílò ni ìbòmú rọ́bà tó ní kátíríìjì èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ ti Yúróòpù, lẹ́tà A àti ìlà àwọ̀ búráùn ló máa wà lára kátíríìjì tó ń mú oruku epo. Ti Amẹ́ríkà, ìlà dúdú ni, pẹ̀lú lẹ́tà OV. Ẹ fi páàdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń mú eruku ọ̀dà sí iwájú rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó lẹ̀ mọ́ ojú: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo kátíríìjì méjèèjì, ẹ fa èémí. Ìbòmú gbọ́dọ̀ fún mọ́ ojú, kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá ń gba atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún okùn fà. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀, ẹ fá a. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù ni pé wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́yìn iṣẹ́. Èédú inú kátíríìjì ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, gbogbo òru lá máa mu oruku inú ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi yó. Ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá tó ṣeé dì pa, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i sí i lára. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbóòórùn tínà nínú rẹ̀, ó ti tán nìyẹn.

Dókítà_Mùdùnmúdùn kọ:
Aránbàtà ni ìtàn benzene yìí kàn jù lọ. Ní Istanbul lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, dókítà ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ Muzaffer Aksoy rí i pé àwọn tó ń ṣe bàtà àti báàgì ń kú nítorí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi benzene pò. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, fèrèsé wọn kì í ṣí. Ní 1974 ó kọ ọ́ jáde nípa aránbàtà 26 tí lukimíà tó yára tàbí ìpele tó ṣáájú rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n yọ benzene kúrò nínú gọ́ọ̀mù, àwọn tó ń ní in bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Gọ́ọ̀mù òde òní, toluene ló pọ̀ jù nínú wọn. Toluene kò tíì hàn pé ó ń fa lukimíà, àmọ́ ó ń ba ọpọlọ jẹ́, benzene díẹ̀ sì lè bá a wọlé. Ẹ ka ara agolo: tẹ́ ẹ bá rí "benzene" tàbí "benzol", ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Agolo tí kò ní àkọlé kankan, tí wọ́n rọ sínú ìgò omi, ẹ má rà á. Ẹ máa dé gọ́ọ̀mù ní gbogbo ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá sí nínú rẹ̀, ìta tàbí ẹnu ọ̀nà sì ni kẹ́ ẹ ti máa fi lẹ bàtà.

Ti sìgá, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí kò sí àríyànjiyàn. Benzene wà nínú èéfín rẹ̀, formaldehyde tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú wà níbẹ̀, ohun tó ń tú ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní polonium-210 náà wà níbẹ̀. Sìgá ló ń fún ẹni tó ń mu ún ní benzene tó pọ̀ jù, ju epo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ lọ fún ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ epo. Ó ń dá kún AML. Èéfín ṣíṣà àti ti igbó ní benzene pẹ̀lú, omi inú ìkòkò ṣíṣà kì í sẹ́ ẹ dànù. Mẹ́káníìkì tó ń mu sìgá ti di ẹni tí benzene ń gba ọ̀nà méjì wọlé sí lára.

ÌyáOlónjẹ_Ìjígbò kọ:
Àwọn tó ń sun pọ̀nmọ́ pẹ̀lú táyà ńkọ́, dókítà?

Dókítà_Mùdùnmúdùn kọ:
Mà, benzene àti ọ̀pọ̀ májèlé mìíràn ló wà nínú èéfín dúdú yẹn, ẹni tó dúró tì í ni ewu rẹ̀ kọ́kọ́ bá. Gáàsì tàbí igi gbígbẹ ni kí wọ́n lò, tàbí kí wọ́n fi omi gbígbóná bó o, kí wọ́n sì fi abẹ fá irun rẹ̀.

Olókòkó_Ìṣẹ̀ kọ:
Ẹ̀yin àgbà, kẹ́míkà oko ló ń pa wá, ẹ má tàn wá. Gammalin 20 tí àwọn bàbá wa fi ń pa kòkòrò kòkó, òun ló kó lukimíà wá.

Ọ̀gbìn_Ìlérò kọ:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Lindane ló wà nínú Gammalin 20. IARC fi lindane sí ìsọ̀rí kìíní ní 2015, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tí wọ́n rí ẹ̀rí tó dájú fún ni ti ojú omi ara, ìyẹn lymphoma, irú tí àwọn dókítà ń pè ní non-Hodgkin. CLL jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. AML kò sí nínú ẹ̀. Àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe lórí kẹ́míkà tí kì í tètè kúrò nílẹ̀, ti kà á mọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ dé oko mọ́ láti 2009, nítorí náà ìgò àtijọ́ tó bá wà nínú àká ẹnikẹ́ni, kó má lò ó, kó má dà á sí odò. Paraquat, oògùn apakoríko, náà ti di èèwọ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa, kì í ṣe nítorí lukimíà ni wọ́n ṣe fòfin dè é.

Fún kẹ́míkà yòówù, ìgbà tí wọ́n ń pò ó ni ewu pọ̀ jù, torí ògidì ló wà lọ́wọ́. Ẹ fi omi dé ìdajì táńkì 16 lítà, ẹ wọn kẹ́míkà sí i pẹ̀lú ìdérí tó bá a wá, ẹ tó fi omi kún un. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn ni, kì í ṣe èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò. Lójú igi kòkó, òkè lẹ ń fọ́n sí, ó sì ń kán padà, nítorí náà fìlà tó ní etí gbòòrò àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn kì í ṣe fáàrí. Tí ihò bá dí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣí i, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ìgò tó bá ṣófo, ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ da omi náà padà sínú táńkì, kẹ́ ẹ wá lu ìgò náà ní ihò kí ẹnikẹ́ni má fi ra epo pupa.

Olókòkó_Ìṣẹ̀ kọ:
Mo gbọ́. Ẹ ṣeun.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yẹ́ kọ:
Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń tọ́jú òkú. Òkú tó bá máa pẹ́ ní mọ́ṣúárì kí ìdílé tó ṣètò ìnáwó, formalin ni wọ́n ń fún un, ìyẹn formaldehyde bíi 37% nínú omi. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 fi hàn pé àwọn tó ti fi ọdún púpọ̀ lọ́ òkú lọ́ṣẹ ni lukimíà ti AML ń mú jù láàárín àwọn oníṣẹ́ ìsìnkú. Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ni kí wọ́n fi sí ẹ̀yìn tábìlì, kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ ẹ sí wọn lójú. Kátíríìjì oruku epo kò tó fún formaldehyde, ó ní tirẹ̀. Ìdílé tó wá gbé òkú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n lò, kí wọ́n má bẹ̀rù.

Fíṣíìsì_Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Ìtànṣán ni tèmi. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó lágbára tó láti fọ́ ohun inú sẹ́ẹ̀lì ni ti ẹ́ksíréè, CT (ẹ́ksíréè tí kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀) àti bọ́ǹbù. Ti òpó fóònù kò ní irú agbára yẹn, kò sì tíì sí ẹ̀rí pé ó ń fa lukimíà lára àgbàlagbà. Ẹ́ksíréè àyà kan jẹ́ nǹkan bíi 0.1 mSv (mSv ni òdiwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara). Ìtànṣán tó ń wá fúnra rẹ̀ láti ilẹ̀ àti ojú ọ̀run jẹ́ 2.4 mSv lọ́dún ní ìpíndọ́gba àgbáyé, nítorí náà ẹ́ksíréè àyà tó ti bí ọjọ́ 15. CT ikùn lè tó 10 mSv, ìyẹn bí ọdún mẹ́rin. Bí dókítà bá ní ẹ nílò rẹ̀, ẹ ṣe é. Ẹ máa tọ́jú fọ́tò náà kí ilé ìwòsàn kejì má baà tún un ṣe lásán. Skáànì aboyún kò sí nínú ẹ̀ rárá, ohùn ni ó ń lò, kì í ṣe ìtànṣán. MRI, tó ń fi agbára òòfà yàwòrán inú ara, náà kò ní in.

Ti Olósùnta àti Òrólé, àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́: òótọ́ ni pé àpáta líle bí tiwa ní uranium àti thorium díẹ̀, gáàsì radon sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀fóró ni radon ń fún ní jẹjẹrẹ. Ti lukimíà lára àgbàlagbà kò fìdí múlẹ̀. Ẹ máa ṣí fèrèsé, ó tán.

Ayẹ̀jẹ̀wò_Ìdó kọ:
Kànga tó wà nítòsí ilé epo ló ku tí wọn ò tíì dáhùn. Òdiwọ̀n WHO fún benzene nínú omi mímu jẹ́ 10 máíkírógíráàmù nínú lítà kan. Ní Ogale, ilẹ̀ Ògóní, ìjábọ̀ UNEP, àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti 2011 rí kànga tó ju òdiwọ̀n yẹn lọ ní ìlọ́po 900. Nítorí náà, omi tó bá ń rùn bí epo tàbí tí ojú rẹ̀ ń dán bí òṣùmàrè, ẹ má mu ún, ẹ má sì fi wẹ̀. Ẹ má sè é nínú ilé: benzene á fò sínú afẹ́fẹ́, inú ihò imú yín lá parí sí. Álọ́ọ̀mù kì í yọ ọ́. Ẹ ti kànga náà pa, kẹ́ ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yẹ́ kọ:
Àfikún kékeré. Ọtí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ọ̀nà ọ̀fun àti ọmú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀jẹ̀ kò hàn nínú tirẹ̀. Sísanra jù ń dá kún un díẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi oògùn tàbí ìtànṣán wo jẹjẹrẹ mìíràn sàn, AML lè yọjú sí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kó máa lọ fún àyẹ̀wò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdí láti kọ ìtọ́jú, torí jẹjẹrẹ tó wà nílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pani. Kòkòrò HTLV-1 tún wà níhà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí, ó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti wàrà ọmú, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ní in ló máa ń di lukimíà lára wọn.

Akọ̀wéẸgbẹ́_Adó kọ:
Ẹ kú làálàá, gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí ẹgbẹ́ sanwó kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún?

Dókítà_Mùdùnmúdùn kọ:
Fún gbogbo èèyàn, rárá. Fún ẹni tó ń fọwọ́ kan epo, tínà tàbí gọ́ọ̀mù lójoojúmọ́, mo fara mọ́ ọn: FBC, ìyẹn kíka iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dínkù díẹ̀díẹ̀ ni benzene kọ́kọ́ fi ń hàn. Ẹni tí ibà ń ṣe ní àṣetúnṣe tí oògùn ibà kò ràn, tí ara rẹ̀ ń ṣẹ́ dúdú láìfarapa, tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ikùn òsì rẹ̀ ń le lábẹ́ egungun ìhà, kó má dúró de ọdún. Kó lọ sí EKSUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Adó tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Tí àyẹ̀wò bá fi CML hàn, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ OAUTHC ní Ifẹ̀ ti ń fún aláìsàn ní oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ láti nǹkan bí ọdún 2003.

Ayẹ̀jẹ̀wò_Ìdó kọ:
Mo fẹ́ kí ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ̀rù má baà ba àwọn èèyàn lórí èsì. Ìwé àwọn òyìnbó ní ẹ̀jẹ̀ funfun yẹ kó wà láàárín 4 sí 11 (×10⁹/L ni wọ́n ń kọ sí i lára ìwé èsì). Ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú, 3 sí 4 ni tiwa láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, àlàáfíà la sì wà. Nítorí náà, ti ọdún yìí pẹ̀lú ti ọdún tó kọjá ni kẹ́ ẹ máa fi wéra. Ẹni tó wà ní 3.4 lọ́dọọdún kò ní ìṣòro. Ẹni tó ti 6 dé 3.4, tí plátílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tún bọ́ sísàlẹ̀ 150, dókítà gbọ́dọ̀ rí i.

Ìgò olómorí àwọ̀ àlùkò ni wọ́n ń gbà á sí. Ẹ sọ fún ẹni tó gbà á kó yí i síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kó má mì í jìgìjìgì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú ìgò máa ń mú kí plátílẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni pé ó ti tán, èèyàn á sì sunkún lórí irọ́. Ẹ ní kí wọ́n na ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì lọ́jọ́ kan náà kí ojú èèyàn wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, torí ẹ̀rọ máa ń ka sẹ́ẹ̀lì lukimíà mọ́ àwọn mìíràn nígbà mìíràn. Ẹ gba ìwé èsì náà sọ́wọ́, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ nínú fáìlì kan.